Ẹjọ́ Ewéko àti Kòkòrò

Òwe àwọn baba wa kan wí pé, kòkòrò tó jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ. Ẹjọ́ yìí ti pẹ́ ní dídá nílẹ̀ Yorùbá, a sì máa ń fi í kìlọ̀ fún ẹni tí ẹwà tàbí ọrọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ kó o sí yọnu. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà tó pa òwe yìí ni wọ́n tún sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, bí a bá sì yẹ ẹjọ́ náà wò dáadáa, a óò rí i pé kòkòrò nìkan ló rojọ́, tí ẹ̀fọ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò lanu sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á tún ẹjọ́ yìí gbé yẹ̀wò, kí á fi ìmọ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kó jọ fún ohun tó ju 100 ọdún lọ ṣe ẹlẹ́rìí, kí á sì bi ara wa pé: kí ni ewéko fi ń bá kòkòrò jà, kí ni kòkòrò fi ń dá a lóhùn, kí ló sì dé tí irúgbìn kan fi ń là á já níbi tí ìkejì rẹ̀, tí ó jọ ọ́ bí ìbejì, gbé ń kú? Ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ gàrí tàbí ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ yìí kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹran tí ọdẹ bá lé a máa sá, ẹyẹ tí a bá sọ òkò sí a fò lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí igi bá hù sí ni yóò ti pàdé ọ̀tá rẹ̀, ì báà jẹ́ nínú òjò, ì báà jẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ewéko kò ní ìjà kankan nínú. Adìyẹ ń làágùn ni, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Inú ewé, inú èèpo, inú gbòǹgbò àti inú kóró ni ewéko ń po oògùn tirẹ̀ pamọ́ sí: ìkorò ewúro, ìta ata, òórùn efinrin, oje funfun bomubómu, àti agbára tó wà nínú obì tí kì í jẹ́ kí ẹni tó jẹ ẹ́ tètè sùn. Fún ìgbà pípẹ́ ni a ti rò pé nítorí tiwa ni a ṣe dá àwọn èròjà wọ̀nyí, kí á lè rí oògùn mu kí á sì rí ohun ìsebẹ̀. Àwọn onímọ̀ pàápàá, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kà wọ́n sí pàǹtí lásán tí ewéko kò rí ibi dà sí.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣí aṣọ lójú ọ̀rọ̀ náà ni Verschaffelt, onímọ̀ ewéko kan ní ìlú Amsterdam, tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1910. Ó ṣàkíyèsí pé ìdin labalábá funfun kan kì í sábà jẹ ohun mìíràn ju ewé ìdílé kábéèjì lọ, ìdílé tí gbogbo wọn jọ ní ìta kan náà tí ń ta ni nímú. Ó mú ewé ìdílé mìíràn tí àwọn ìdin náà kì í fẹnu kàn, ó fi oje ìdílé kábéèjì pa á lára, àwọn ìdin sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ohun tí wọ́n ti ń kọ̀ látijọ́. Ìta tí ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò sẹ́yìn yìí kan náà ni ìdin wọ̀nyí fi ń mọ ilé wọn. Ní ọdún 1959, ọ̀mọ̀wé Gottfried Fraenkel kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé pé àwọn èròjà tí a ń pè ní pàǹtí yìí kì í ṣe pàǹtí rárá, pé ohun ìjà ni wọ́n, pé nítorí kòkòrò àti irú rẹ̀ ni ewéko ṣe ń pò wọ́n. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1964, Ehrlich àti Raven ní Yunifásítì Stanford fi ìdílé àwọn labalábá wé ìdílé àwọn ewéko tí wọ́n ń jẹ, wọ́n sì sọ pé ìgbàkígbà tí ewéko bá rí oró tuntun pò, a rí ìsinmi, a sì gbilẹ̀, a pín sí oríṣìíríṣìí. Ìgbàkígbà tí kòkòrò bá sì rí ẹ̀rọ̀ oró náà, òun náà a gbilẹ̀, a sì pín. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìjà àwọn méjèèjì ló bí púpọ̀ nínú ẹwà tí à ń rí nínú igbó.

Ẹ jẹ́ kí á dé oko ẹ̀gẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti sún mọ́ wa jù. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Pọtogí ti gbé ẹ̀gẹ́ wá sí etí òkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, oró rẹ̀ sì bá a wọ ọkọ̀ wá. Nínú ewé àti nínú iṣu rẹ̀ ni èròjà kan wà tí a ń pè ní linamarin, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ nínú àpò omi tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Lára ògiri sẹ́ẹ̀lì ni èròjà kejì, èyí tí í máa tú u, sì ń gbé. Níwọ̀n ìgbà tí ewé bá wà lódidi, àwọn méjèèjì kì í fojú kan ara wọn, gẹ́gẹ́ bí orogún méjì tí baálé fi ògiri pín níyà. Ṣùgbọ́n ní kété tí eyín kòkòrò bá fọ́ ògiri, wọn á pàdé, ohun tí ìpàdé wọn yóò sì bí ni sáyánáìdì, oró tí kì í jẹ́ kí ara lè lo afẹ́fẹ́ tí ó mí sínú. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe gàrí mọ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ yìí kí ìwé tó dé: nígbà tí wọ́n bá ń rin ẹ̀gẹ́, iṣẹ́ eyín tata gan-an ni ìrin náà ń ṣe, ó ń wó ògiri kí àwọn orogún lè pàdé, nígbà tí wọ́n bá dì í sínú àpò, tí wọ́n gbé òkúta lé e tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó kan, oró ń bá omi rẹ̀ ṣàn lọ, nígbà tí wọ́n bá sì dà á sínú agbada gbígbóná, èyí tó ṣẹ́ kù a bá ooru gòkè lọ. Ohun tí ẹ̀gẹ́ pò de kòkòrò ni àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ń fi ọgbọ́n ìdáná tú palẹ̀.

Tata ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tata aláràbarà, tí dúdú àti àwọ̀ ìyeyè jọ wà lára rẹ̀, a máa bo oko wa, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì kó ara wọn jọ sórí ewé kan ṣoṣo bí ẹni pé wọ́n ń ṣe ìpàdé. Àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti láti Yunifásítì Ìbàdàn jọ ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977. Wọ́n rí i pé bí ọmọ tata bá bu ewé ẹ̀gẹ́ tútù jẹ, tí oró sáyánáìdì bá tú sí i lẹ́nu, a fà sẹ́yìn, a sì fi ewé náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewé náà bá ti rọ, tí agbára rẹ̀ láti tu oró jáde bá ti dínkù, a jókòó tì í, a jẹ ẹ́ tán. Ewé kan náà ni, igi kan náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tútù àti rírọ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé tí ajá ń ṣọ́ àti ilé tí ajá rẹ̀ sùn.

Kòkòrò náà kò káwọ́ gbera. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí tí ó fi ń dá ewéko lóhùn. Èkínní ni pé kí ó sọ oró di aláìlóró. Kòkòrò àgbàdo tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tí a kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Nàìjíríà, Benin, Togo àti São Tomé ní ọdún 2016, ni àpẹẹrẹ tó dára jù fún èyí. Àgbàdo a máa fi ṣúgà bo oró rẹ̀ bí ẹni fi idà sínú àkọ̀, bí a bá sì bù ú jẹ, a yọ idà náà. Ṣùgbọ́n ìdin yìí, nínú ikùn rẹ̀, a tún fi ṣúgà bo oró náà lẹ́ẹ̀kejì, a sì so ó ní ọ̀nà òdì, tí ohun tí àgbàdo fi ń ṣí àkọ̀ kò fi ní lè ṣí i mọ́. Èkejì ni pé kí kòkòrò gba ohun ìjà náà kí ó sì fi ṣe tirẹ̀. Labalábá aláwọ̀ ọsàn kan wà tí ń yé sórí bomubómu. Ìdin rẹ̀ a máa jẹ ewé tí ewúrẹ́ ń yẹra fún, a sì máa fi oró ewé náà, oró tí ń da ọkàn láàmú, pamọ́ sínú ara títí yóò fi di labalábá. Ní Amẹ́ríkà, Lincoln Brower fi hàn ní ìwọ̀n 60 ọdún sẹ́yìn pé ẹyẹ tó bá gbé ìbátan labalábá yìí mì a bì í, kò sì ní fẹnu kàn án mọ́. Bí Ògún ẹni bá dá ni lójú, a fi gbárí. Ìdí nìyẹn tí irú labalábá bẹ́ẹ̀ kì í fi kánjú fò. Tata wa pàápàá mọ ọgbọ́n yìí: òórùn òdòdó ewé Akíntọ́lá, àlejò tí ó ti òkèèrè wọ ilẹ̀ wa ṣáájú òmìnira, a máa fà á mọ́ra lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, oró tó wà nínú òdòdó náà ni ó sì ń jẹ tí ó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí kòkòrò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àwọn kan wà tí ẹnu wọn dà bí abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń tì í bọ àárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì títí yóò fi kan ibi tí oje dídùn ń gbà kọjá, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ ògiri kankan. Àwọn orogún tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní mọ̀ pé olè wọlé. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kan, tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni yí nínú ìyẹ̀fun, ló yọ ní ilẹ̀ Kóńgò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tàn kálẹ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Orí ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ a ká kò bí ìkúùkù, ewé a rẹ̀ dànù, iṣu a sì kéré bí ìka. Kò tó 10 ọdún tí ó fi dé Nàìjíríà àti Benin, ebi sì ń wo àwọn tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn lójú.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni mo ti fẹ́ kí olùkàwé fara balẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ewéko ti kọ́kọ́ fọhùn ketekete. Ní ọdún 1990, Ted Turlings àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida fi hàn pé bí ìdin bá ń jẹ ewé àgbàdo, tí itọ́ ẹnu rẹ̀ bá kan ojú ọgbẹ́ náà, àgbàdo a tú òórùn kan sáfẹ́fẹ́, òórùn tí kì í tú bí a bá kàn fi abẹ gé e. Òórùn yìí ni agbọ́n wínníwínní kan ń tọ̀ wá, tí ó ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ara ìdin náà, tí ọmọ agbọ́n sì ń jẹ ìdin náà láti inú pa. Ohun tí àgbàdo ṣe ni ohun tí onílé ń ṣe nígbà tí olè bá já wọlé lóru: ó fi igbe ta.

Ẹ̀gẹ́ náà mọ igbe ta, àmọ́ ẹni tí yóò gbọ́ igbe rẹ̀ kò sí ní Áfíríkà, òkè òkun ni a fi í sílẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, gbé Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n wá ọ̀tá kòkòrò funfun yìí lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà níbi tí òun àti ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀ wá, ilẹ̀ Paraguay ni wọ́n sì ti rí agbọ́n kan tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, Anagyrus lopezi. Ní 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, tí oko ẹ̀gẹ́ fi tún sọjí láìsí pé àgbẹ̀ kan fọ́n oògùn. Ní 1995 ni wọ́n fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. Ṣùgbọ́n báwo ni agbọ́n tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ṣe ń rí kòkòrò nínú oko tí ó lọ salalu? Nígbà tí àwọn onímọ̀ dán an wò, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1987, wọ́n rí i pé òórùn ẹ̀gẹ́ tí kòkòrò ń jẹ ni ó ń tọ̀, kódà ewé tí kòkòrò kò tíì dé lára igi tí ó wà nínú ìyọnu a máa pè é. Ẹ̀gẹ́ ló pe olùgbàlà ara rẹ̀. Àwa kàn bá a gbé ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ wá láti ìlú tí ó ti wá ni.

Kì í ṣe ìjà nìkan ni ewéko ń fi oògùn rẹ̀ ṣe, ó ń fi í ṣe ọ̀rẹ́ pẹ̀lú. Èròjà tí kì í jẹ́ kí a sùn nínú kọfí wà nínú omi dídùn òdòdó kọfí náà, ní ìwọ̀n tí ó kéré tí kò korò; ní 2013, Geraldine Wright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé oyin tí ó bá mu ún a máa rántí òórùn òdòdó náà ju bí ì bá ti rántí lọ. Arère inú igbó wa, ẹ̀wẹ̀, ni kòkòrò kan ń jẹ ewé rẹ̀ tí ó sì ń ta òwú tí a fi ń hun sányán, baba aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ pa gbogbo kòkòrò run kúrò nínú igbó, aṣọ iyì wa wà lára ohun tí yóò fà ya.

Nísinsìnyí ni a kan ìdí ọ̀rọ̀, ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín irúgbìn kan àti òmíràn. Ẹ bu ẹ̀wà tí kòkòrò ti wọ̀ sórí àtẹ, kí ẹ sì mú kóró kan sún mọ́ ojú. Ẹ óò rí àmì funfun kan lára rẹ̀, bí ẹ̀kán ẹfun: ẹyin ni. Abẹ́ ẹyin náà ni ìdin ti dá ihò wọlé láìjẹ́ pé ó yọjú síta rárá; inú kóró ni ó ti jẹ, tí ó ti dàgbà, kí ó tó jáde, a kọ́kọ́ jẹ dé abẹ́ èèpo, tí yóò fi èèpo fẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ bí fèrèsé aláwọ̀ eérú, lẹ́yìn náà ni yóò ṣí fèrèsé náà jáde, ihò rẹ̀ a sì rí roboto bí ẹni fi ìṣó lu ú. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi ẹ̀wà tí wọ́n kó jọ sí IITA, tí ó ti lé ní 15,000 báyìí, wọ́n rí ọ̀kan, TVu 2027, tí kòkòrò náà ń yé sí lára ṣùgbọ́n tí púpọ̀ nínú ọmọ rẹ̀ ń kú sínú kóró. Ní 1979, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé èròjà kan tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ikùn kòkòrò ló fà á. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Brazil tọ́ka sí èròjà mìíràn, ọ̀kan nínú àwọn tí kóró kó pamọ́ fún oúnjẹ ọmọ rẹ̀ tí yóò hù. Ohun tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ ni pé kóró méjì tí ìyá kan náà lè sè nínú ìkòkò kan náà kì í ṣe ohun kan náà lẹ́nu kòkòrò. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀wà yìí nìkan bọ́ kòkòrò náà láti ìran dé ìran, ó bẹ̀rẹ̀ sí mọ́ ọn lára. Ohun ìjà kan ṣoṣo, bó ti wù kí ó mú tó, ọ̀tá a máa kọ́ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́.

Ti àgbàdo ni ó dùn mí jù lọ. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Neuchâtel, ilẹ̀ Switzerland, kéde rẹ̀ pé bí ìdin bá ń jẹ gbòǹgbò àgbàdo, gbòǹgbò náà a tú òórùn kan sínú ilẹ̀, aràn wínníwínní tí ń pa ìdin náà a sì gbọ́, a sì wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irúgbìn tí wọ́n ń gbìn ní Àríwá Amẹ́ríkà ti pàdánù òórùn yìí. Ní 2011, ní ilẹ̀ Kenya, àwọn onímọ̀ tún rí i pé àwọn àgbàdo ìbílẹ̀ kan láti Gúúsù àti Àárín Amẹ́ríkà, bí kòkòrò tí ń gbẹ́ inú pòròpórò bá kàn yé ẹyin sí wọn lára lásán, tí ìdin kankan kò tíì bù wọ́n jẹ, wọ́n ti ń ké pe agbọ́n. Àgbàdo olówó ńlá tí wọ́n fi wé wọn kò ké rárá. Ẹ wo ohun tí ọwọ́ wa ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń ṣa èyí tí ọmọ rẹ̀ tóbi, tí ó tètè gbó, tí ó dùn lẹ́nu, a sì ń fi oògùn tí a fọ́n ṣọ́ ọ. Kò sí ẹni tó bi í léèrè bóyá ó ṣì lè ké, ahọ́n rẹ̀ sì bọ́ sọnù láìsí ẹni tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà mú àpò oró kúrò lára òwú kí wọ́n lè jẹ kóró rẹ̀, àwọn kòkòrò tí kì í yà sí oko òwú rí bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́.

N kò sọ pé kí á dá gbogbo oró padà o. Pòtétò kan tí wọ́n ń pè ní Lenape, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1967, ni wọ́n kó nílẹ̀ ní 1970, nítorí oró inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Òṣúntókun ti Ìbàdàn náà fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí àìsàn ẹsẹ̀ àti ojú tí ó ń bá àwọn tí ẹ̀gẹ́ nìkan jẹ́ oúnjẹ wọn jà, ó sì tọ́ka sí sáyánáìdì. Oró tí ń lé kòkòrò lè lé olóko pẹ̀lú. Nítorí náà ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà: kí a mọ ibi tí oró yẹ kí ó wà lára igi, kí ewé àti gbòǹgbò lè jà, kí ohun tí a ó jẹ sì rọ̀ wá lọ́rùn.

Ìyàtọ̀ tún wà ní ọ̀nà kejì, ìyẹn ni oríṣìíríṣìí ewéko nínú oko kan. Richard Root, ní Ithaca ní ìpínlẹ̀ New York, fi hàn ní 1973 pé ewébẹ̀ ìdílé kábéèjì tí a gbìn lóun nìkan ní agbo ńlá a máa kó kòkòrò tirẹ̀ jọ ju èyí tí àwọn ewéko mìíràn yí ká lọ. Kòkòrò tí òórùn ń tọ́ sọ́nà a ṣìnà níbi tí òórùn mẹ́wàá bá ti pọ̀ mọ́ra. Ní Mbita, létí adágún Victoria ní Kenya, Zeyaur Khan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí di iṣẹ́ oko láti àwọn ọdún 1990: wọ́n gbin ewéko kan, Desmodium, sáàárín àgbàdo, òórùn rẹ̀ ń lé kòkòrò jáde, wọ́n gbin eèsún yí etí oko ká, òórùn tirẹ̀ ń fa kòkòrò náà mọ́ra, ìdin tó bá sì wọ inú eèsún kì í sábà là á já. Nígbà tí mo kà á, oko baba mi ni ó wá sí mi lọ́kàn: ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, egúsí tó ń fà nílẹ̀, ilá àti ata létí ebè, ẹ̀wà níwájú. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ọ̀gbìn ìgbà Òyìnbó pe irú oko bẹ́ẹ̀ ní rúdurùdu, wọ́n ní kí á gbin ohun kan ṣoṣo ní ìlà gbọọrọ. Kì í ṣe gbogbo àdàlù ló ń lé gbogbo kòkòrò, òdodo ni. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe, ẹni tó pe ọgbọ́n ní rúdurùdu kò tíì gbọ́ èdè rẹ̀ ni.

Lónìí, oko wa wà ní oríta. Ẹ̀wà SAMPEA 20-T, tí a ṣe ní Zaria tí ìjọba sì fọwọ́ sí ní 2019, ní ohun ìjà kan tí wọ́n yá lára kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀, ìdin tí ń gbẹ́ pódi ẹ̀wà a sì kú bí ó bá jẹ ẹ́. Inú mi dùn sí i, nítorí mo mọ iye ìgbà tí àgbẹ̀ ń gbé agbè oògùn kọ́rùn nítorí ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ohun ìjà kan náà ni. Bí a bá gbìn ín nìkan láti òkun dé ọ̀sà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí TVu 2027 nínú àwo àwọn onímọ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí i nínú oko. Bẹ́ẹ̀ náà ni dóńgóyárò, tí onímọ̀ kòkòrò kan, Heinrich Schmutterer, rí ní ilẹ̀ Sudan ní 1959 pé eéṣú jẹ gbogbo igi yòókù tí ó fi í sílẹ̀, àti iyèré àti orin àtà tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ mọ́ ẹ̀wà inú ìkòkò: gbogbo wọn dára, kò sí èyí tí yóò dá ẹrù náà gbé.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ilé ẹjọ́. Kòkòrò rojọ́, ewéko náà ti rojọ́. Ó ti fi oró hàn wá, ó ti fi òórùn hàn wá, ó ti jẹ́ kí á gbọ́ igbe tí ó ń ké láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mo gbà pé òwe àwọn baba wa kò ṣì, àwa ni a kò tíì tú u dé ìdí. Ìwọ̀n lewéko ń dára mọ: ẹ̀fọ́ igbó kì í kọjá ìwọ̀n, ó korò níbi tí ó yẹ kí ó korò. Ẹ̀fọ́ tí ó dára kọjá ìwọ̀n ni èyí tí àwa fi ọwọ́ ara wa tọ́, tí a mú ìkorò kúrò lára rẹ̀, tí a gba ahọ́n lẹ́nu rẹ̀, tí a sì gbìn ín lóun nìkan sí gbangba ìta. Bí kòkòrò bá jẹ irú ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀, ó jàre lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ìyá àgbà tí ó ṣì so ṣìrì àgbàdo ìbílẹ̀ mọ́ àjà, tí èéfín ìdáná ń fín in lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ó dà á nù nítorí kóró rẹ̀ kéré, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kí ó má dà á nù. Ó ṣeé ṣe kí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì mọ igbe ta.